Àwo Tí Gbogbo Wa Mọ̀

Ní ṣọ́ọ̀bù Clive Ombler, ní Hull, lẹ́bàá èbúté,
àwo kan wà lókè pátápátá, lẹ́yìn káńtà:
Iyọ̀ Ọjọ́ Ajé, ti Lorna Tweddle.
Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e láti ilé-iṣẹ́ kò tíì ya.
Bí àlejò bá wọlé, tó nu ẹsẹ̀,
a ó nàka sí i bí ẹni ń nàka sí àwòrán baba ńlá rẹ̀.
"Ìyẹn," Clive á wí, "ìyẹn ni òpin orin."
Roland Stathers á di ojú
bí ẹni tí oyin kan ahọ́n rẹ̀.
Èmi á ní, "Ẹ dúró ná kí ẹ gbọ́ gìtá inú orin kẹta."

Gìtá inú orin kẹta!
Inú ìwé ìròyìn kan ni mo ti kà á,
lórí àga oníṣègùn eyín, lọ́dún tí ìyàwó mi lọ.
Mo gbé e lé ètè, ó bá ètè mi mu,
mo sì ń wọ̀ ọ́ káàkiri bí kóòtù àyálò
títí mo fi gbàgbé pé ó ní olówó.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kejì, òjò yìnyín ń rọ̀,
Hania Wróbel, ọmọ ọdún mẹ́wàá,
tí ìyá rẹ̀ ń gé ẹja ní ilé-iṣẹ́ òdìkejì,
wọlé wá yáná.
Ó wo àwo náà. Ó wo wa.
"Báwo lẹ ṣe gbọ́ ọ, tí ọ̀rá rẹ̀ kò tíì ya?"

Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́,
à ń gbọ́ bí tíì ṣe ń tutù nínú ife.
Clive ní òun ní òmíràn nílé.
Ọmọ náà ní, "Báwo ni orin àkọ́kọ́ ṣe ń lọ?"
Clive yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀wù nù ún,
ó nù ún, ó nù ún,
ó ní, "N ò gbọ́ ọ rí."
Roland ní, "Èmi náà."
Ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí, tó kàn wá ra bátìrì,
òun náà jẹ́wọ́.
Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a.
Tiwa ti lọ ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n;
ọmọ tí orí rẹ̀ kò ju káńtà lọ ló bá a,
kò tilẹ̀ sáré.

"Mo ń pa á mọ́ de ọjọ́ tí inú mi bá bàjẹ́ tán," Clive ní.
"Nígbà tí Edna kú, mo mú un sọ̀kalẹ̀.
Mo tún gbé e padà.
Mo ní, bí kò bá dára ńkọ́? Kí ló tún kù?"

Èékánná ọmọ náà ló ya ọ̀rá.
Abẹ́rẹ́ kàn án. Eruku sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Mo fẹ́ sọ fún yín pé ilẹ̀ mì.
Kò mì.
Orin àkọ́kọ́ dára. Èkejì gùn jù.
Ní orin kẹta mo na etí bí ehoro:
kò sí gìtá níbẹ̀. Dùùrù ni, dùùrù nìkan.
Ẹni tó kọ ìwé ìròyìn yẹn, òun náà kò gbọ́ ọ!

A yí i sí ojú kejì. Roland ti ń wá fìlà rẹ̀.
Ìgbà náà ni orin kékeré kan dé,
tí ẹnikẹ́ni kò yìn rí, tí kò sí nínú ìwé kankan:
obìnrin kan ń fọ abọ́ lálẹ́, omi ti tutù,
ó ń ka abọ́ náà, ó ń ṣì í kà,
torí ó ṣì ń ka ti ẹni tí kò sí nílé mọ́.
Mo fọ abọ́ nínú ọkọ̀ apẹja fún ọdún mẹ́sàn-án.
Mo mọ bí omi yẹn ṣe ń tutù.
Clive jókòó sórí àpótí, ó kọjú sí ògiri.

Ìyá Hania wá kan fèrèsé, ìpẹ́ ẹja lára ìbọ̀wọ́ rẹ̀.
"Kí lẹ ń gbọ́?"
Kò sẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń yìn ín.
A kàn gbé abẹ́rẹ́ náà sẹ́yìn.