Ìlà Kẹta

Lókè ilé oògùn kan ní Òkè-Odó, Ìlọrin,
àwa mẹ́ta la jókòó ti fóònù mẹ́ta.
Àwáwù ń fi búrẹ́dì jẹ wàrà.
Dókítà Ọlátúnbọ̀sún fi àga méjì ṣe ibùsùn,
bàtà rẹ̀ ò kúrò lẹ́sẹ̀.
Èmi ni ìlà kẹta.

Ọkùnrin kan pè láti Ọ̀fà: ṣé ògì ń ba oògùn ibà jẹ́?
Ọmọkùnrin kan ní Àjàṣẹ́ ń tọrọ káàdì ìpè.
Obìnrin kan ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń mí,
mo dúró tì í títí ó fi gbé e kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

A lẹ ìwé ìbéèrè mọ́ orí tábìlì:
Níbo lẹ wà? Ta ló ń ṣàìsàn? Ṣé ó ń mí?
A kì í kọ́kọ́ béèrè orúkọ.
Orúkọ lè dúró; èémí kì í dúró.

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá.
"Ẹ gbà mí o, gìrì ti mú un!"
Ohùn àgbà, láti Ìsánlú-Ìsin.
Lẹ́yìn rẹ̀ ẹnìkan ń kígbe pé àgbo dà,
ẹnìkan ń wá ṣíbí tí wọn yóò fi ya ẹnu ọmọ.
Mo ní, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n sọ ṣíbí yẹn sílẹ̀.
Ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu, omi pàápàá.
Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ bọ́ súẹ́tà rẹ̀.
Ẹ má gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ iná.
"Ta ló sọ fún ọ pé a ti dáná?"
Màmá, wọ́n gbé tèmi náà sí i.
Àpá rẹ̀ wà ní gìgísẹ̀ mi dòní.
Ó dákẹ́.
Mo gbọ́ tí ṣíbí balẹ̀.

A jọ ń kà á, èmi pẹ̀lú aago ògiri, òun pẹ̀lú ẹnu:
àádọ́ta, àádọ́rin, àádọ́rùn-ún,
ni ẹ̀rọ bá pa lọ́lọ́ bí ẹni tí omi gbé mì.
Mo pè padà. Mo tún pè.
Dókítà ti dìde, ó ń wo àwòrán ilẹ̀ lára ògiri,
ìka rẹ̀ lórí ọ̀nà Ọ̀mù-Àrán.

Ìgbà kẹrin ló tó gbé e.
"Ó sunkún. Ṣé o ń gbọ́ ọ?"
Mo gbọ́ ọ: igbe gbígbẹ, bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo.
Mo ní, ẹ má tíì sùn o, gègé pupa ni mo fi kọ tiyín.
Ọlọ́kadà wa ń bọ̀ láti Òkè-Onígbìn,
ẹ mú ìborùn dání, òtútù ọyẹ́ wà lọ́nà,
nọ́ọ̀sì kan yóò dúró dè yín lẹ́nu géètì.

Nínú ìwé ńlá wa, "Ìgbẹ̀yìn" ni òpó tó kẹ́yìn.
Òfìfo ni, láti òkè délẹ̀.
Kì í ṣe pé wọ́n kú.
Ẹni tó bá ti sọdá odò kì í ránṣẹ́ sí afárá.

Àwáwù ti wàrà tó kù síwájú mi.
Ìpè àsùbáà dún láti mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn wa.
Mo bọ́ bàtà lábẹ́ tábìlì.
Gìgísẹ̀ ń yún mi, ojú ibi iná yẹn.
Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n;
kò sí ẹni tí ìyá mi lè pè nígbà náà.