Mo Fi Kóòdù Mọ Etí

Ní Ìjẹ̀mọ̀, lókè ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà,
nínú yàrá tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà,
ni mo jókòó sí, tí mo ń mọ etí.
Kì í ṣe etí amọ̀, kì í ṣe etí igi:
ìlà kóòdù mẹ́tàdínlógójì,
àfikún kékeré tí mo so mọ́ ara iṣẹ́ ńlá
bí ẹni so agogo mọ́ ọrùn ewúrẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀hún ni máàpù páìpù omi:
fáìlì Àdátán, fáìlì Ìtòkò, fáìlì Ìsàlẹ̀-Igbẹ̀in.
Èmi àti Ṣóbándé la jọ ń ṣe é,
òun ní Òbáńtokò, èmi níbí.
Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀:
bí nǹkan bá wọlé, kí etí sọ pé ó wọlé;
bí nǹkan bá jáde, kí ó sọ pé ó jáde;
bí ohun tó wà níbẹ̀ bá pa àwọ̀ dà,
kí ó fi ìlà tó pa àwọ̀ dà hàn mí,
kí n má baà máa yẹ fóldà wò láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́,
bí ahun tó ń ka owó tí ẹnikẹ́ni ò jí.

Ìyá àgbà mi wà lórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn.
Ọdún kẹsàn-án rèé tí ojú rẹ̀ ti fọ́.
"Àwẹ̀ró, kí lo ń ṣe láti àárọ̀?"
Mo ní etí ni mò ń kọ́ bí a ti í gbọ́ ìyípadà.
Ó rẹ́rìn-ín.
"Ta ló gbé ìkòkò kúrò nídìí ògiri?"
Mo wẹ̀yìn. Lóòótọ́ ni. Àná ni mo gbé e.
"Yàrá ń dún," ó ní,
"bí agbè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ha inú ẹ̀."

Ọjọ́ kìíní tí mo tan etí náà,
mo ní kí ó máa kọ ohun tó bá gbọ́ sílẹ̀.
Mo gbàgbé, mo fi ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀
sínú fóldà kan náà tó ń ṣọ́.
Ló bá gbọ́ pé ìwé kan yí padà.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀.
Ìwé yí padà. Ó gbọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.
Ìwé yí padà, ó gbọ́, ó kọ ọ́, ó yí, ó gbọ́, ó kọ,
fáànù kọ̀ǹpútà ń ké bí ẹ̀rọ ẹlẹ́lùbọ́,
itan mi gbóná,
ìlà ẹgbàárùn-ún, gbogbo rẹ̀ ń wí pé
mo gbọ́ pé mo sọ pé mo gbọ́.
Ìyá àgbà ní, "Ẹni tó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nìkan,
kò tíì gbọ́ nǹkan kan."
Mo gbé ìwé náà síta. Ariwo dá.
Iná ìjọba náà lọ.

Iná lọ, etí kú.
Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú òkùnkùn, kò mọ̀ ọ́n.
Mo tún fi ìlà mẹ́fà kún un:
bí o bá jí, fi ti òní wé ti àná kí o tó sọ̀rọ̀;
bí mo bá ní kí o sùn, sùn tán pátápátá,
má fi etí kankan sílẹ̀
tí yóò máa jẹ ikùn kọ̀ǹpútà bí ikán.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń sọ òótọ́.
Páìpù tuntun wọlé ní Àdátán.
Ẹ̀rọ omi kan jáde ní Ìtòkò; wọ́n ti tú u, wọ́n ti ta irin rẹ̀.
Ní Ọjọ́bọ̀ kan, òjò ń lu páànù,
aago méjì òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàlá,
etí tan iná pupa:
fáìlì orúkọ àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí.
Ìlà kejì ti jáde.
Mo ṣí i. Orúkọ mi nìkan ló kù,
kọ́mà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀,
ó ń retí ẹni tí yóò tẹ̀ lé e.

Mo pe Ṣóbándé. Fóònù rẹ̀ ti kú.
Ilẹ̀ mọ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sọ fún mi: Kánádà.

Ìyá àgbà ń mu ẹ̀kọ gbígbóná.
"Mo rò pé o ti mọ̀," ó ní.
"Ọjọ́ Àìkú tó wá gba wáyà rẹ̀,
bàtà tuntun ló wọ̀, ó rọra ń tẹ̀ ẹ́,
ẹ̀ẹ̀mejì ló dúró lórí àtẹ̀gùn
kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ tán."