Ẹni Tó Ń Rìn Níwájú Ẹrù

Mẹ́rìnlélógún ni táyà tírélà náà,
mo kà á lẹ́ẹ̀mejì ní Gánmọ kí ilẹ̀ tó mọ́.
Tiransifọ́mà jókòó gbagidi lẹ́yìn rẹ̀
bí àgbàlagbà lórí ẹní ọmọdé:
ìdí rẹ̀ yọ sọ́tùn-ún, ó yọ sósì.
Aṣọ pupa lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo ń rìn níwájú.

Bàbá Sàláwù kì í ṣíná ọkọ̀
kó tó fi òòlù kan ṣéènì kọ̀ọ̀kan, kó tẹ́tí.
“Èyí ń purọ́,” ló wí. A tún un fà.

Kòróòlà kan ti ń fun fèrè lẹ́yìn wa láti Àmọ́yọ̀.
Ọmọkùnrin inú rẹ̀ yọrí: “Ṣé ẹ̀yin lẹ ni títì ni?”
Mo ní, lónìí, bẹ́ẹ̀ ni.
Lọ́la a ó dá a padà fún ọ.

Ní Ìdófìàn, wáyà iná sọ̀ kalẹ̀ bí okùn ìsáṣọ.
A ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n paná;
kò sẹ́ni tó mọ̀ pé wọ́n pa á,
kò kúkú sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.
Sùmọ́nù gun orí ẹrù pẹ̀lú igi gbígbẹ ẹlẹ́ka méjì,
ó rọra gbé wáyà náà sókè
bí ẹni ń ṣí ìborùn lójú ìyàwó.

Afárá kékeré kan wà níwájú.
Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó bọ́ bàtà,
ó fẹsẹ̀ lásán rìn ín lọ, ó rìn ín bọ̀.
Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.
Ó ní kí gbogbo wa kọjá ṣáájú,
òun nìkan ló kù pẹ̀lú ẹrù.
Mo yí ojú padà.
Mo gbọ́ tí afárá ń mí.

Oòrùn wọ̀ bá wa ní Àjàṣẹ́.
“Òmù-Àrán ò jìnnà mọ́,” Sùmọ́nù wí, “ká máa lọ.”
Bàbá ní òkùnkùn kò mọ ìbú ẹrù.
A gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan,
a to ewé tútù sójú títì,
a fi àtùpà pupa síwájú, a fi sẹ́yìn.

Ìyá arúgbó kan gbé omi wá fún wa.
“Kí lẹ gbé?”
“Iná ni, màmá.”
Ó gbọ́wọ́ lé e. “Iná wo ló tutù báyìí?”
Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín,
àmọ́ mo rántí fìtílà tí Mẹ́mù máa ń gbé
sí fèrèsé wa ní Òkè-Kúrá.
Mo gbé ọwọ́ tèmi náà lé e.