Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Ọ̀gbẹ́ni, má sọ fún mi pé ó ń dán.
Ohun tó gbé mi dé Wúsè láàárọ̀ yìí kì í ṣe dídán.
Kẹ́ẹ̀gì yanrìn méjì ni mo gbé wá látilé,
mo wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n ẹlẹ́ran kan ní Kúbwà:
kílò mọ́kànlélógún,
bí iná mi mẹ́rin àti irin tí mo ń so wọ́n mọ́ ṣe wúwo gan-an nìyẹn.
Bá mi gbé e kọ́ sórí ohun tí o ń tà.

Okwudili rẹ́rìn-ín. Ó ní oníbàárà bíi tèmi kò wọ́pọ̀,
àwọn yòókù a máa béèrè àwọ̀,
wọn a béèrè bóyá yóò wọ inú bọ́ọ̀tù Gọ́ọ̀fù.
Mo ní èmi náà ní Gọ́ọ̀fù.
Mo sì ní àpá kan tí kò sí lára mi.

Lúgbè ni, nínú oṣù Kejìlá, lórí pápá iléèwé kan,
ọyẹ́ ń da eruku sójú àwọn àlejò.
Ọ̀pá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ọjà pọ́ọ́kú;
mo fa ọrùn rẹ̀ dé góńgó
torí ìyàwó kò fẹ́ kí iná gún bàbá òun lójú,
mo sì sún ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra
kí àwọn tó ń gbé oúnjẹ lè ráyè kọjá.
Àṣìṣe méjì ló fẹ́ra wọn lọ́jọ́ náà.
Atẹ́gùn kan ṣoṣo ló wá bá wọn ṣe é.

Iná já lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń ṣa ẹ̀pà.
Hàdízà. Ìyá rẹ̀ pè é lẹ́ẹ̀kan péré,
ó gbé e, ó gbọn dígí kúrò létí aṣọ rẹ̀,
ó wò mí.
Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá ti gbàgbé.

Wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù.
Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ààrò kì í ga ju orúnkún lọ,
ẹnikẹ́ni kì í ká ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ sínú bọ́ọ̀tù,
kò sì sí ìyàwó tí í bẹ ààrò pé kó nàró.

Nítorí náà mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì Wúsè,
mo fi àtàǹpàkò tẹ irin: èyí tẹ̀ bí agolo sàdíìnì.
Mo yí kókó tí wọ́n fi ń dè é: ike ni. Mo dá a padà.
Èkejì fẹsẹ̀ gbòòrò, ó wúwo, àmọ́ kò ní píìnì irin,
ìyẹn tí í gba inú ọ̀pá kọjá, tí í sọ fún ọrùn pé
bí ìdè bá yọ̀, èmi ṣì wà níbí.
Ẹ̀kẹta ni mo gbé kẹ́ẹ̀gì kọ́.
Mo fi èjìká gbún un
bí ọ̀mùtí ṣe ń gbún un tó bá di aago mẹ́wàá alẹ́.
Ó mì. Ó rò ó. Ó dúró.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínlọ́gọ́rin náírà.
Mo ní kó yọ márùn-ún. Ó yọ ẹyọ kan,
ó fi píọ̀ wọ́tà tútù kan kún un.

Sábítù tó ń rán àpò ní Dèí-Dèí bá mi rán kéékèèké mẹ́fà.
Ó ní kí ni mo fẹ́ kó sí i. Mo ní yanrìn.
Ó ní: yanrìn kẹ̀? Ṣé o fẹ́ lọ tà á fún aṣálẹ̀ ni?

Bwárí, Sátidé, lábẹ́ àpáta.
Atẹ́gùn dé kí wọ́n tó gé kéèkì,
ó ká kánópì kan bí ewé.
Ọwọ́ mi ti wà lára ọ̀pá kí n tó mọ̀,
ọ̀pá kò sì nílò rẹ̀.
Iná ń pọ́n, ó ń dà bí omi aró, wọ́n ń jó,
kò sẹ́ni tó wo ìsàlẹ̀
àfi ọmọkùnrin kan tó wá fara tì í,
tó bọ́ bàtà, tó ń gbọn òkúta kúrò nínú rẹ̀.
Mo la ẹnu láti lé e.
Mo pa á dé.
Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì sá lọ.