Lẹ́tà Kẹjọ

Èmi ni mo kọ lẹ́tà náà. Ẹ má wá ẹlòmíràn.
Ní àjà kẹrìnlá, ní Duluth, létí adágún ńlá
tó ti dì gbagidi bí ojú ẹni tí a sin ní gbèsè,
mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, kọfí mi ti tutù,
mo ń wá ọ̀rọ̀ tí kò légungun nínú.

Lọ́jọ́ Ajé, akọni ni wá.
Mo kọ ọ́ pé: "Òmìnira ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọjà lọ́dọ̀ wa.
A dúró ti Wendla Kangas, a dúró ti orin rẹ̀."
Ọ̀gá wa, Threlkeld, bọ̀ mí lọ́wọ́.
Àwo náà ti tà tó ọ̀kẹ́ méjì.
Ìdúró kì í nira nígbà tí àga bá wà lẹ́yìn ẹni.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbọ́ orin ọ̀hún:
ọmọbìnrin kan ló ń kọrin nípa ẹ̀gbọ́n rẹ̀
tí ọlọ́pàá mú lóru, tí kò padà wálé.
Ó dárúkọ àgọ́ wọn. Ó dárúkọ òpópónà.
Ní ẹsẹ kẹta ó ṣẹ́ èpè kan
tí mi ò lè tún sọ níwájú ìyá mi.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n tẹ́ àwo sílẹ̀ nínú yìnyín,
wọ́n fi táyà ọkọ̀ rún un.
Lọ́jọ́rú, ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò gba ìpolówó rẹ̀ padà.
Lọ́jọ́bọ̀, agbẹjọ́rò wọlé tòun ti bírò pupa.
Ó pa "a dúró" rẹ́, ó kọ "a mọ rírì."
Ó pa "orin rẹ̀" rẹ́, ó kọ "onírúurú èrò."
Ó pa orúkọ Wendla rẹ́,
kò kọ nǹkan kan síbẹ̀.
"Ṣé kí n kọ pé a tọrọ àforíjì?"
"Ẹni tó tọrọ àforíjì ti jẹ́wọ́. Kọ pé ó dùn wá."
Mo tẹjú mọ́ "ó" yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú.
Ta ni "ó"?

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bernadine Ostby gòkè wá.
Ọlọ́pàá lọkọ rẹ̀; ìbọn ló pa á, ọdún kẹfà rèé.
Ó fi náílọ́nù wé fọ́tò rẹ̀ kí omi má bà á jẹ́.
"Mi ò ní kí ẹ dí ọmọ náà lẹ́nu," ló wí.
"Èmi náà mọ ohun tí òkú ń ṣe síni lọ́fun.
Mo kàn fẹ́ kó mọ orúkọ ọkọ mi."
A fún un lómi. A fún un ní nọ́ńbà tó lè pè.
Mo pe nọ́ńbà náà lálẹ́. Ẹ̀rọ ló dáhùn:
"Ohùn yín ṣe pàtàkì sí wa."

Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ni.
Lọ́dọ̀ wa, a ní ọkùnrin kan tó ń gbá èéfọ́ rẹ̀:
Orville, nílé ìkẹ́rùsí, lọ́jọ́ Ẹtì,
páálí lórí páálí sẹ́nu ẹ̀rọ arúnǹkan,
ó ń fi imú kọ orin náà
láìmọ̀ pé òun ń kọ ọ́.

Lẹ́tà kẹjọ jáde láago márùn-ún: "A ti gbọ́ yín."

Wendla pè mí. Kò pariwo.
"Ṣé ìwọ lo kọ ti Ajé?" Èmi ni.
"Ìwọ náà lo kọ ti Ẹtì?" Èmi ni.
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"O mọ̀wé kọ," ló wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Nígbà tí yìnyín yọ́, orin kan náà jáde ní Rotterdam,
ẹ̀wù ara rẹ̀ yàtọ̀, àpò kan náà lowó rẹ̀ ń wọ̀.
Wọ́n fi kún owó oṣù mi.

Lẹ́tà kẹsàn-án wà nínú dúrọ́ọ̀ mi.
Àdírẹ́sì obìnrin méjì ló wà lórí rẹ̀.
Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú mọ́kànlélógún,
ló wà láàárín ilé wọn.
Mi ò tíì ra sítáǹbù.