Àlàfo Mọ́kànlá

Ní Tacuarembó, nígbà òtútù ọdún tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá wa,
àlàfo mọ́kànlá ló ṣẹ́ kù nínú ìwé sítíkà Nahuel.
Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dí tiwọn tán,
wọ́n ń ṣe pàṣípààrọ̀ lábẹ́ igi ọsàn ilé ẹ̀kọ́:
mo ní in, mo ní in, n ò ní in.
Nahuel dúró tì wọ́n, ọwọ́ lápò,
ó ń ka owó tí kò sí.

Màmá ò sọ pé rárá.
Ó kàn gbé kẹ́tù kaná bí ẹni tó fẹ́ ṣe mátè,
ó mú jẹ́látìn tí à bá jẹ lọ́jọ́ Àìkú,
ó da omi gbígbóná lé e,
ṣúgà ṣíbí kan, fínígà ẹ̀kán méjì.
"Ẹ máa rò ó. Ẹ má jẹ́ kó dì."
Ilé wá ń rùn
bí ìgbà tí ẹṣin bá ń ṣe ọjọ́ ìbí.

Èmi ni ayàwòrán. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá,
mo mọ ẹṣin yà, mo mọ òrùlé yà,
ojú ènìyàn ló máa ń dàrú mọ́ mi lọ́wọ́.
"Ta ni nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún?"
Ó ní agbábọ́ọ̀lù kan ni, tí irun rẹ̀ ga.
N ò rí i rí. Ta wá ni mo rí rí?
Bí a ò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ:
mo ya Eleuterio tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe,
mo fún un ní jẹ́sì, mo fún un ní irun gíga,
òun tí orí rẹ̀ ń dán bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tuntun.
Gólì wa ni Delmira oníbúrẹ́dì,
apá rẹ̀ tí ààrò ti jó láìmọye ìgbà:
kí ló tún kù tó lè já bọ́ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀?
Pomelo, ajá àwọn Olivera, ló gba iwájú,
torí kò sẹ́ni tó gba bọ́ọ̀lù lẹ́nu rẹ̀ rí.

Nọ́ńbà mẹ́wàá ló kù.
Nahuel ò sọ̀rọ̀. Ó fi àgbọ̀n nawọ́ sí ojú fèrèsé,
níbi tí bàbá jókòó sí pẹ̀lú ìwé ìròyìn ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn.
Mo yà á, mo pa á rẹ́. Mo yà á, mo pa á rẹ́.
Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbójú sókè:
"Ṣé kí n rẹ́rìn-ín ni?"
Láti oṣù Karùn-ún, kò tíì bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.
Màmá gbàgbé ṣíbí sínú ife.

A fi búrọ́ọ̀ṣì kun ẹ̀yìn bébà,
a sá wọn sórí okùn lókè ààrò,
wọ́n ká jọ bí ewé tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú.
Ilẹ̀ mọ́, Nahuel bẹ̀rẹ̀ sí í fi ahọ́n lá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.
Ó ní Eleuterio dùn díẹ̀, ó kan díẹ̀.

Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí.
Lẹ́yìn náà ni Wilmar ní òun yóò san méjì lórí ajá yẹn,
ojúlówó méjì, tó ń dán.
Nahuel pa ìwé rẹ̀ dé.

Ìwé náà wà níwájú mi lónìí.
Ṣúgà ti pe kòkòrò, wọ́n ti jẹ Delmira dé ìgbọ̀nwọ́.
Àwọn ojúlówó ti ń já bọ́ bí ìpẹ́ ẹja àná.
Bàbá ṣì wà lójú tirẹ̀, ó wọ́ díẹ̀,
itọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ ti pọ̀ jù lẹ́yìn rẹ̀.
Mo fi èékánná gbìyànjú etí rẹ̀ kan.
Kò ṣí.