Ẹni Ẹ̀yìn ní Ọ̀nà Òwu

Àwa mọ́kàndínlógójì la dúró ní pápá ilé ìwé, ní Ọ̀wá-Kájọlà,
ọyẹ́ ń bù wá létè jẹ,
nọ́ńbà tí wọ́n fi pín-ìn gún mọ́ wa láyà ń fẹ́ lẹ́lẹ́.
Ọ̀nà ò pé kìlómítà méjìlélógójì,
ni Tíṣà Jọ́láoyè bá ní ká kọ́kọ́ yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́fà
ká tó kọjú sókè.
Nígbà tá a yí i lẹ́ẹ̀kẹta, mo ti di ẹni ẹ̀yìn.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọdún méjìdínlọ́gọ́ta kì í ṣe eegun tútù,
mẹ́tàlélọ́gbọ̀n nínú rẹ̀ ni mo sì fi dúró
ní yàrá ìgbẹ̀bí l'Ómù-Àrán.
Nínú àwọn tó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá láàárọ̀ yìí,
mẹ́ta ni mo fọwọ́ ara mi gbà lára ìyá wọn.
Ẹkún ni wọ́n sun wáyé.
Lónìí, wọn ò wẹ̀yìn.

Òkè àkọ́kọ́ rọ̀ bí ẹ̀yìn màlúù.
Òkè kejì lórúkọ, ṣùgbọ́n mi ò ní dárúkọ rẹ̀,
torí ó gbọ́ gbogbo èébú tí mo bú u.
Oko kajú lọ́tùn-ún, igi igbá lósì,
ìkùukùu jókòó sáàárín àfonífojì bí wàrà nínú igbá.
"Mí sínú. Mí síta. Má tíì tì í."
Ohùn tí mo fi ń jágbe mọ́ aláboyún ló padà wá bá mi.
Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo wọn,
ẹ̀yin tí mo sọ fún pé kò dùn yín tó bẹ́ẹ̀.

Ní kìlómítà kejìdínlógún, màlúù dí ọ̀nà.
Ọmọ Fúlàní kan, kò lè ju ọdún mẹ́wàá lọ,
na ọ̀pá rẹ̀ dábùú, ó ní kí n dúró.
Mo kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọjá. Mo sinmi.
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ màlúù.

Bàbá kan ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé.
"Ìyá, kí lẹ ń sá fún?"
Mo ní n ò sá fún nǹkan kan.
"Ejò ńkọ́?"
Mo ní kò séjò.
"Àbí ẹ̀yin lẹ̀ ń lé e?"
Mo ní rárá.
Ó wo ọ̀nà, ó wo orúnkún mi,
ó na píọ̀ wọ́tà kan sí mi.
"Ẹ mumi. Ó ń lé yín. Ẹ ò tíì rí i ni."

Ẹ̀yìn mi ni Sàláwù wà látàárọ̀, lórí ọ̀kadà,
òun ni wọ́n ní kó gbé ẹni tó bá dá kú sọ́nà.
Ó ń rọra bọ̀, tù-tù-tù, bí ẹni sìnkú.
"Màámi, ẹ gun ẹ̀yìn."
Mo ní ó diwájú.
"Màámi, oòrùn ti mú."
Mo ní mo rí i.
Ó ku kìlómítà márùn-ún, ní àárín òkè tó ga jù,
mo gbọ́ ìdákẹ́jẹ́.
Epo ti tán.
Ó wò mí. Mo wò ó.
Mo padà sẹ́yìn. Ẹ gbọ́ o,
mo sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tí mo ti gùn,
mo gbọ́wọ́ lé ìjókòó ọ̀kadà, mo ní:
"Mí sínú. Ó yá, tì í."

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ nígbà tá a dé.
Wọ́n ti ń ká àga.
Òwu ń dà wálẹ̀ láti òkè àpáta,
ó ti ń sáré kí ẹnikẹ́ni tó mọ kìlómítà kà,
kò sì tíì gba ipò kankan.
Mo wọnú omi tèmi ti bàtà.

Tíṣà Jọ́láoyè mú bébà dání:
"Ta ni ká kọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá?"
Sàláwù nu òógùn, ó ní, "Ọ̀kadà mi ni.
Ìyá ló ṣíwájú wa."
Tíṣà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀,
ó da nọ́ńbà ara ọ̀kadà náà kọ.